Lẹ́ńsì tí Àlébù Rẹ̀ Ń Tà Á

Ẹni tó bá ń tẹ̀lé àwọn ayàwòrán lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ti rí ohun kan tó fẹ́ jọ àìgbọ́n. Ẹnìkan á ra kámẹ́rà tuntun olówó gọbọi, á wá fi lẹ́ńsì àtijọ́ láti Sófíẹ́ẹ̀tì sẹ́nu rẹ̀, lẹ́ńsì tí kò ní wáyà kankan nínú, tí kò lè wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, tí igun àwòrán rẹ̀ kò sì mú. Ẹlòmíì ní lẹ́ńsì tó mú ṣáṣá láti igun dé igun, síbẹ̀ ó lọ ra fílítà tí yóò mú kó ṣe bàìbàì díẹ̀. Kì í ṣe pé owó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn èèyàn ń pè ní lẹ́ńsì tó dára, ẹni tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò náwó sórí èyí tí kò fẹ́.

Àkọ́kọ́ ni dídára tí a lè fi nọ́ńbà wọ̀n. Àwọn tó ń yẹ lẹ́ńsì wò á gbé pátákó onílà tín-ín-rín síwájú rẹ̀, wọ́n á wo bí àwọn ìlà náà ṣe dá yàtọ̀ síra wọn tó láàárín àwòrán àti ní igun rẹ̀. Wọ́n á wò bóyá ìlà tó tọ́ ń tẹ̀, bóyá igun ń ṣókùnkùn, bóyá àwọ̀ elésè-àlùkò ń yọ létí ẹ̀ka igi tí ojú ọ̀run funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Máàkì tí wọ́n wá fún lẹ́ńsì, àlébù tí kò ní ni wọ́n fi kà á. Dígí lórí dígí sì ni àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì fi ń pa àlébù wọ̀nyí: Sony FE 50mm f/1.2 GM ní dígí 14 tí wọ́n tò sí ọ̀wọ́ 10. Helios 44-2, tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ níbí, ní 6 péré ní ọ̀wọ́ 4.

Èkejì ni ìrísí. Ìrísí lẹ́ńsì ni ohun tó ṣẹ́kù lára àlébù rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe é ti ṣe ìwọ̀nba tí ìmọ̀ àti owó ìgbà ayé rẹ̀ gbé. Nítorí náà, ẹni tó ń yan lẹ́ńsì nítorí ìrísí, àlébù ló ń rà, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ rà á ni. Ohun tó yẹ kó máa bi ara rẹ̀ ni pé àlébù wo nìyí, ìgbà wo ló máa ń jáde, kí ló sì máa bà jẹ́ fún mi? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń rajà. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, orúkọ lásán ló rà.

Ọmọ Jámánì tó dàgbà ní Rọ́ṣíà

Helios la mú nítorí pé ó pọ̀ ní ọjà, kò wọ́n, àlébù rẹ̀ sì hàn gbangba sí ojú ẹni tí kì í ṣe ayàwòrán pàápàá. Ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni Biotar 58mm f/2 tí ilé iṣẹ́ Carl Zeiss ní ìlú Jena ń ṣe ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ ọwọ́ Willy Merté. Nígbà tí ogun parí, Sófíẹ́ẹ̀tì kó ìwé iṣẹ́ àti ẹ̀rọ láti Jena lọ, ilé iṣẹ́ KMZ ní Krasnogorsk lẹ́bàá Moscow sì fi ṣe tiwọn. Ó wá di lẹ́ńsì tó ń bá kámẹ́rà Zenit jáde nínú páálí. Wọ́n ṣe é ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, ní KMZ, ní Minsk àti ní Valdai. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì di ọ̀wọ́n gógó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ ti ń fa owó rẹ̀ sókè.

Orúkọ kan ṣoṣo ló bo oríṣi púpọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ olùrajà ti ń ṣìnà. 44-2 ní ewé irin pẹlẹbẹ 8 tó ń ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ tó sì ń pa á dé, òrùka méjì ni ẹ máa fi ọwọ́ yí, ojú rẹ̀ ń gba fílítà mílímítà 49, ó sì lè sún mọ́ èèyàn dé ìdajì mítà. 44M àti àwọn àbúrò rẹ̀ sábà máa ń ní ewé irin 6, fílítà 52 ni wọ́n ń gbà, pínnì kékeré kan sì wà lẹ́yìn wọn tí kámẹ́rà Zenit máa ń tẹ̀ kí ihò lè pa dé. Láàárín àwọn àbúrò yìí ni 44M-4, 44M-5, 44M-6 àti 44M-7 wà. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn, bó bá ṣe ń ga sí i ni ilé iṣẹ́ ń sọ pé lẹ́ńsì náà mú sí i. Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe dorí kodò: 44-2, tí kò ní nọ́ńbà mímú kankan lórúkọ rẹ̀, ni àwọn tó ń wá ìrísí ń béèrè jù. Ìyípo ẹ̀yìn tí wọ́n ń wá, ìyẹn bí ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà ṣe ń dà bí ohun tó ń yí po, wà nínú gbogbo wọn, nítorí pé ètò dígí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí 44-2 fi lé wọn ni ewé 8 tó ń mú kí ihò rẹ̀ túbọ̀ róbótó bí ẹ bá dín in kù díẹ̀, àti òrùka ìmọ́lẹ̀ tí kì í dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, tó dára fún fídíò. Ẹ má san owó kún owó nítorí 7.

Lára lẹ́ńsì KMZ, nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà tí wọ́n fín sí iwájú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọdún tí wọ́n ṣe é: bó bá fi 78 bẹ̀rẹ̀, 1978 nìyẹn.

Ohun tó ń mú kí ẹ̀yìn yí

Ẹ mú lẹ́ńsì náà dání láìsí kámẹ́rà, ẹ ṣí i sí f/2 (nọ́ńbà f/ ló ń sọ bí ihò ìmọ́lẹ̀ ṣe tóbi tó; bó bá ṣe kéré sí ni ihò ṣe tóbi sí), kí ẹ gbé e sókè síwájú fèrèsé. Bí ẹ bá wò ó gbọọrọ, ihò tí ẹ máa rí róbótó. Ẹ wá yí i sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọjú. Ihò náà kò ní róbótó mọ́: etí irin iwájú á gé e lápá kan, etí irin ẹ̀yìn á gé e lápá kejì, ohun tó kù á ṣe ṣóńṣó lókè, ṣóńṣó nísàlẹ̀, bí ojú ológbò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni igun sensor, ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà dípò fíìmù, ṣe ń rí ihò náà. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tó wà lẹ́yìn tí kò sí nínú fókọ́ọ̀sì ló ń gba ìrísí ihò tó gba ibẹ̀ wọlé. Ti àárín àwòrán á róbótó, ti igun á gùn tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn wọn á sì máa tọ òbírí tó yí àárín ká. Ojú wa á so wọ́n pọ̀, á sì ní ẹ̀yìn ń yí.

Àlébù kejì ń ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Dígí 6 kò tó láti mú kí ìlà tó ń lọ láti àárín sí igun, àti ìlà tó yí àárín po, pàdé lójú kan náà. Ní ẹ̀yìn fókọ́ọ̀sì, ọ̀kan á fẹ̀ ju èkejì lọ, tí ewé igi á fi dà bí èyí tí wọ́n fi ọwọ́ fà yípo. Helios kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe èyí. Lẹ́ńsì tí Joseph Petzval ṣírò ní Vienna ní 1840 ti ń yí ẹ̀yìn àwòrán tipẹ́tipẹ́, ní 2013 sì ni ilé iṣẹ́ Lomography lọ gba owó àwọn èèyàn sílẹ̀ lórí Kickstarter láti tún irú rẹ̀ ṣe, 85mm f/2.2, fún kámẹ́rà òde òní. Àlébù tí ó ti lé ní 170 ọdún ni wọ́n san owó fún.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra Helios, wọ́n á yàwòrán títí, wọn ò ní rí ìyípo kankan, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Lẹ́ńsì kọ́ ló jẹ̀bi. Ìyípo ní ohun tó fi ń jáde.

Ó gbọ́dọ̀ wà ní f/2. Ní f/2.8 ó ti rọ̀. Ní f/4 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, nítorí pé ihò àárín ti kéré débi tí etí irin kò rí i gé mọ́. Kí ẹni tí ẹ ń yà wà ní nǹkan bíi mítà 1 sí 1.5 sí yín, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì jìnnà sí i ní mítà 4 sí 10. Kí ẹ̀yìn náà kún fún nǹkan wẹ́wẹ́: ewé tí oòrùn ń yọjú láàárín wọn, gílóòbù kéékèèké, koríko tó ní ìrì. Ògiri tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kan ṣoṣo kò ní ohun tó lè yí. Bí ẹ̀yìn bá sì jìnnà jù, ìmọ́lẹ̀ á tóbi, á wọnú ara wọn, gbogbo rẹ̀ á kàn yọ́ bí ti lẹ́ńsì yòówù.

Sensor yín tún ń bẹ níbẹ̀. Igun ni ìyípo ń gbé. Sensor tí wọ́n ń pè ní full frame jẹ́ mílímítà 36 ní 24, ó ń rí igun tí Helios ní. Èyí tó kéré sí i, APS-C, jẹ́ nǹkan bíi 23.5 ní 15.6, àárín nìkan ló ń mú, àárín sì ni ibi tí lẹ́ńsì yìí ti ń hùwà ọmọlúàbí. Lórí rẹ̀, 58mm á máa wò bíi 87mm, ìyẹn ni pé á fa nǹkan sún mọ́ sí i, á dára fún àwòrán ojú, ṣùgbọ́n ìyípo á kù díẹ̀ káàtó. Adáptà (òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tí ẹnu wọn kò bára mu) kan wà tó ní dígí nínú tó ń sún àwòrán jọ ní 0.71, tí ẹ̀ ń pè ní speed booster: á sọ 58mm f/2 di nǹkan bíi 41mm f/1.4, á sì dá èyí tó pọ̀ jù nínú igun náà padà. Ó wọ́n ju adáptà lásán lọ dáadáa, òmíràn wà nínú rẹ̀ tó wọ́n ju Helios fúnra rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ìyípo nìkan lẹ ń wá, tí kámẹ́rà yín sì jẹ́ APS-C, ẹ ka iye rẹ̀ mọ́ owó lẹ́ńsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí yóò ṣe jókòó sórí kámẹ́rà

Ẹnu Helios 44-2 jẹ́ oní-síkúrù M42, ìyẹn ni pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 42. Wọ́n ṣe é láti jókòó ní mílímítà 45.46 sí fíìmù. Kámẹ́rà mirrorless òde òní, èyí tí kò ní dígí tó ń fò sókè nínú, ti fi ẹnu sún mọ́ sensor ju bẹ́ẹ̀ lọ: Sony E jẹ́ 18, Nikon Z jẹ́ 16, Canon RF jẹ́ 20, Fujifilm X jẹ́ 17.7. Òfìfo àárín ni adáptà ń dí. Fún Sony, ẹ yọ 18 kúrò nínú 45.46, ó ku 27.46, bẹ́ẹ̀ ni adáptà náà ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Páìpù irin lásán ni, kò sí dígí, kò sí iná, kò sì yẹ kó wọ́n. Bó bá fi díẹ̀ kúrú, kò sí wàhálà, fókọ́ọ̀sì á kàn lè kọjá ibi tó jìnnà jù. Bó bá fi díẹ̀ gùn, ohun tó jìnnà kò ní mú láéláé, ẹ̀yin á rò pé lẹ́ńsì ló bàjẹ́.

Ẹni tó ṣì ń lo DSLR, kámẹ́rà tó ní dígí tó ń fò sókè nínú, ní láti ṣọ́ra. Canon EF jẹ́ 44, adáptà rẹ̀ kò ju òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ, yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ lórí èyí tó jẹ́ full frame, dígí tó ń fò sókè nínú kámẹ́rà lè kọlu ìdí àwọn lẹ́ńsì àtijọ́ kan. Ẹ rọra dán an wò, kí ẹ má kọ́kọ́ ya ọ̀pọ̀ ní kíá. Nikon F jẹ́ 46.5, ó ti gùn ju 45.46 lọ kí ẹ tó fi adáptà kankan sí i. Láìsí dígí nínú adáptà, ohun tó kọjá mítà díẹ̀ kò ní mú, dígí inú adáptà olówó pọ́ọ́kú sì ń ba ìrísí tí ẹ tìtorí rẹ̀ ra lẹ́ńsì jẹ́. Ẹni tó ní Nikon F, ẹ jẹ́ kó fi Helios sílẹ̀.

Pańpẹ́ kan tún wà níbi M39. Helios ìgbà àkọ́kọ́ fún Zenit ní ẹnu M39, lẹ́ńsì Zorki àti FED náà ní ẹnu M39. Síkúrù wọn bára mu, jíjìnnà wọn kò bára mu: ti Zenit jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 45.2, ti Zorki jẹ́ 28.8. Ẹni tó bá ra adáptà èkíní fún èkejì, yálà kò ní sí ohun kankan tó máa mú, tàbí ohun tó wà nítòsí gan-an nìkan ló máa mú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á: ti Zenit ni àbí ti Zorki?

Bí ẹ bá ti yí lẹ́ńsì wọ adáptà tán, tí àmì f/ àti mítà kò kọjú sókè, síkúrù wẹ́wẹ́ mẹ́ta máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pọ̀ adáptà. Ẹ tú wọn díẹ̀, ẹ yí òrùka inú títí àmì á fi dé òkè, ẹ dè wọ́n padà. Fún 44M àti àwọn tó ní pínnì lẹ́yìn, ẹ ra adáptà tó ní etí tó ń tẹ pínnì wọlé. Láìsí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn á wà ní f/2 títí lọ bó ti wù kí ẹ yí òrùka tó.

Kámẹ́rà kò ní mọ̀ pé lẹ́ńsì wà lẹ́nu òun. Nínú mẹ́nù, ẹ wá ibi tó ti ń gba yín láàyè láti yàwòrán láìsí lẹ́ńsì, ẹ ṣí i. Bí kámẹ́rà yín bá ń mú sensor dúró nígbà tí ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹ kọ 58mm sí i fúnra yín, tàbí nọ́ńbà tó sún mọ́ ọn jù. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ ní nọ́ńbà ńlá tí lẹ́ńsì mìíràn lò, sensor á máa sá kiri ju bó ṣe yẹ lọ, àwòrán á sì máa rú láìnídìí. Ẹ fi sí A tàbí Av, níbi tí ẹ̀yin ti ń yan ihò tí kámẹ́rà sì ń yan àkókò, ẹ má jẹ́ kí shutter lọ sílẹ̀ ju 1/125 ìṣẹ́jú àáyá lọ, kí ẹ sì tan focus peaking, àwọ̀ tó ń yọ lójú skíríìnì níbi tó bá mú.

Òrùka méjì iwájú máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á láàmú. Èyí tó ń dún kẹ́ẹ́ ni ààlà: bí ẹ bá fi sí 4, òrùka kejì kò ní lè kọjá f/4. Òrùka kejì, èyí tí kì í dún, ló ń ṣí tó sì ń pa dé láàárín f/2 àti ààlà tí ẹ fún un. Nígbà ayé fíìmù, ẹni tó ń yàwòrán á ṣí i sí f/2 kó lè ríran wá fókọ́ọ̀sì, á sì yí i pa dé kó tó tẹ bọ́tìnnì láìwo nọ́ńbà. Lórí kámẹ́rà òde òní, ẹ fi ààlà sí 16, kí ẹ máa fi òrùka kejì nìkan ṣiṣẹ́. Bí àwòrán bá ṣókùnkùn lójijì láàárín iṣẹ́, ọwọ́ yín ló ti yí i láìmọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáá.

Fókọ́ọ̀sì wá ni iṣẹ́ gidi. Lórí full frame, ní mítà 1 àti f/2, ohun tó mú láti iwájú dé ẹ̀yìn kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ. Ojú lè mú kí etí ti yọ́. Focus peaking nìkan kò tó, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ máa ń bo ibi tó fẹ̀ ju ibi tó mú lọ. Ẹ fẹ ojú skíríìnì ní ìlọ́po márùn-ún sórí ojú ẹni tó sún mọ́ yín jù, ẹ yí òrùka títí ìpéǹpéjú á fi mú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ara yín rọ́ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ dípò kí ẹ tún máa yí òrùka. Ẹ ya mẹ́ta sí márùn-ún fún ìdúró kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ́lẹ̀, awọ ara, àti léèsì funfun

Ìpara tí wọ́n fi bo dígí Helios 44-2 láti dín títàn kù jẹ́ ẹyọ kan. Ti òde òní jẹ́ ọ̀pọ̀ lórí ara wọn. Nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ ń yà, ìmọ́lẹ̀ á máa ta láti dígí sí dígí nínú lẹ́ńsì, á sì tàn ká gbogbo àwòrán: ohun tó yẹ kó dúdú á di eérú, àwọ̀ á rọ̀. Lójú àwọn kan, ẹwà tí wọ́n wá rà nìyẹn. Lára ẹni tó dúdú, ó ní ibi tó dára àti ibi tí kò dára. Níbi òjìji tó le, á gbé òjìji náà sókè díẹ̀, ojú tó fẹ́ sọnù sábẹ́ gèlè á hàn. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ jù, awọ dúdú á pàdánù dídán rẹ̀, á di eléérú, kò sì sí ẹ́díìtì tó ń dá a padà tán, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó ya wọlé ti bo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Ohun méjì ni ẹ lè fi ṣàkóso rẹ̀. Ẹ ra ìbòrí lẹ́ńsì mílímítà 49, tàbí kí ẹ fi ọwọ́ ṣíji bo iwájú lẹ́ńsì títí oòrùn kò fi kan dígí mọ́. Ẹ máa rí i lójú skíríìnì bí dúdú ṣe ń padà wá. Ẹ fi ìbòrí náà sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ya wọlé, kí ẹ fi sí i nígbà tí ẹ kò bá fẹ́. Níbi tí léèsì funfun bá ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ dúdú, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdá méjì nínú mẹ́ta stop (ìdíwọ̀n ìmọ́lẹ̀ lórí kámẹ́rà), kí ẹ yà á ní RAW, fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì ṣètò. Ihò ara léèsì tó bá ti di funfun pátápátá kò ṣeé gbà padà. Òjìji ṣeé gbé sókè.

Ibi tí yóò ti dójú tì yín

Ní òde àríyá, ẹ má fi Helios ya ẹbí tó tò lọ́gbọọgba. Ìdí méjì ni. Igun rẹ̀ kò mú ní f/2, ẹni tó dúró létí ìlà á sì dà bí ẹni tó ń sá lọ. Yàtọ̀ síyẹn, ibi tí fókọ́ọ̀sì wà nínú lẹ́ńsì yìí kì í ṣe ojú kan tó tẹ́jú; ó tẹ̀. Bí ẹ bá mú ìyàwó tó wà láàárín, àwọn tó wà létí á ti jáde kúrò nínú fókọ́ọ̀sì bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ìlà kan náà ni gbogbo wọn dúró sí. Bí ẹ bá pa á dé sí f/8, á mú dáadáa, àmọ́ kò wá sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti lẹ́ńsì yòówù mọ́, ẹ sì ń fi ọwọ́ wá fókọ́ọ̀sì lásán. Ìgbà tí ìyàwó bá ń wọlé pẹ̀lú ijó, ẹni tó ń fi ọwọ́ yí òrùka á pàdánù rẹ̀. Àwòrán ìyàwó nìkan lábẹ́ igi kí ayẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ ni Helios ti ń jẹ owó rẹ̀. Ìyókù, lẹ́ńsì tó ń wá fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni kó ṣe é.

Bí a ṣe ń yẹ tòkunbọ̀ wò

Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú Helios 44-2. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, ti fóònù náà á ṣe é. Ẹ ṣí lẹ́ńsì sí f/2, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn, kí ẹ máa wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́. Fọ́ńgọ́ọ̀sì máa ń hù bí òwú tàbí bí gbòǹgbò tín-ín-rín. Bó bá jẹ́ létí dígí, tó sì kéré, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀. Bó bá ti dé àárín, ẹ gbé e sílẹ̀, torí ó ń jẹ ìpara dígí, nígbà tí ẹ bá nù ún tán àpá rẹ̀ á kù. Kùrukùru tó tẹ́ gbogbo ojú dígí jẹ́ ọ̀rá tó gbéra lára gíríìsì inú rẹ̀. Ìyẹn ṣeé nù, àmọ́ ẹ ní láti tú lẹ́ńsì. Bí ẹ bá rí òṣùmàrè tàbí ìfófó létí dígí méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, àtè àárín wọn ló ti ń ya, kò sí àtúnṣe tó bá owó rẹ̀ mu.

Eruku díẹ̀ nínú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ìlà kékeré ní dígí iwájú kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, àfi tí oòrùn bá kọjú sí i. Ìlà ní dígí ẹ̀yìn ni kí ẹ bẹ̀rù. Òróró lára ewé irin 44-2 kì í dí iṣẹ́ lọ́wọ́ nítorí pé ọwọ́ ló ń yí i. Lára 44M, ó ń mú kí ewé lọ́ra, ihò kò sì ní pa dé lásìkò. Ẹ yí òrùka fókọ́ọ̀sì láti ìdajì mítà dé òpin. Bó bá le bí ẹni pé ó fẹ́ dá, gíríìsì rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ mì í díẹ̀: bí iwájú bá ń jì, àwọn síkúrù kan ti tú, ẹnìkan ti tú u wò kó tó dé ọwọ́ yín.

Bí ẹni tó ń tà á bá tún na Super-Takumar 50mm f/1.4 sí yín, tí dígí rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọtí, thorium, irin tó ń ta ìtànṣán, ló wà nínú dígí àwọn kan lára wọn, ìtànṣán rẹ̀ ló ń mú kó pọ́n. Lílò rẹ̀ lásán kò léwu, àmọ́ ẹ má ha á tàbí kí ẹ lọ̀ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ UV fún ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń jẹ́ kí ó mọ́ padà.

Nígbà tí ó bá délé, ẹ má fi í sínú àpò awọ ní kọ́ńbọ́ọ̀dù. Ọ̀rinrin Èkó tàbí Ìbàdàn lásìkò òjò ti tó fún fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ike oníderí tó lè pa dé dáadáa, páálí silica gel díẹ̀, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin: kí ó wà láàárín 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí silica gel bá ti mu omi, ẹ gbé e sórí iná jẹ́jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ dá a padà.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ rà

Kì í ṣe gbogbo ìrísí ló nílò lẹ́ńsì. Igun tó ṣókùnkùn, àwọ̀ tó rọ̀, dúdú tó di eérú, hóróhóró fíìmù: gbogbo èyí Lightroom, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́díìtì àwòrán, lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ sì lè yọ ọ́ kúrò tí oníbàárà bá kọ̀ ọ́. Ìyípo ẹ̀yìn, ìrísí ìmọ́lẹ̀ tí kò sí nínú fókọ́ọ̀sì, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ya wọnú lẹ́ńsì láti igun kan sí òmíràn, ìwọ̀nyí ló ṣòro láti fi ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn, torí ohun tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn ló ń pinnu wọn. Àwọn yìí ni ẹ lè fi owó rà.

Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn ká díẹ̀ létí fìtílà tàbí ojú fèrèsé lẹ ń wá, fílítà bíi Black Pro-Mist tó fún lẹ́ńsì yòówù. Agbára 1/8 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. 1/4 ti hàn dáadáa, 1/2 ti pọ̀ jù fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ ra èyí tó bá ojú lẹ́ńsì tó fẹ̀ jù mu, mílímítà 77 fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ẹ wá fi òrùka olówó kékeré bá àwọn tó kù mu, láti 49 sí 77.

Ti kámẹ́rà kékeré ìgbà 2000 sí 2010 tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri nìkan ni màá sọ pé ariwo ibẹ̀ pọ̀ ju nǹkan ibẹ̀ lọ. Wọ́n ní CCD, irú sensor àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, ló ń fún un ní àwọ̀. Ohun tó ń ṣe é jù ni fláàṣì tó wà nítòsí lẹ́ńsì tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ lu ojú tààrà, sensor tó kéré púpọ̀ tí ohun gbogbo fi ń mú láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti JPEG tí kámẹ́rà ti fi ọwọ́ líle ṣètò. Fláàṣì kékeré lórí kámẹ́rà yín, f/8, pẹ̀lú JPEG tí ẹ gbé àwọ̀ rẹ̀ ga, á gbé yín dé ìtòsí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ béèrè irú káàdì tó ń gbà. Káàdì xD ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó jáde ṣáájú 2006 kì í sábà gba SD tó ju 2GB lọ, bátìrì wọn sì ti rẹ̀.

Fún Helios, ẹ dán an wò kí ọjọ́ àtidápadà tó pé. Ẹ fi ẹnìkan jókòó ní mítà 1.2 síwájú igi, ẹ̀yìn rẹ̀ jìnnà ní mítà 6. Ẹ fi Helios yà á ní f/2, kí ẹ fi lẹ́ńsì 50mm tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀ yà á ní f/2, ojú kan náà, ìmọ́lẹ̀ kan náà, kí ẹ mú àwọ̀ méjèèjì dọ́gba nínú ẹ́díìtì. Ẹ fi wọ́n han ẹni tí kò mọ̀ nípa kámẹ́rà láìsọ èwo ni èwo. Bí kò bá rí ìyàtọ̀, tàbí tó rí i tí kò sì fẹ́ ti Helios, ẹ dá a padà. Bó bá na ọwọ́ sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ra ìbòrí mílímítà 49 kún un.